Ìnagijẹ àti Ìrántí: Ipa Àwọn Oníròyìn Lórí Orúkọ Àwọn Akẹ́kọ̀ọ́ Agbábọ́ọ̀lù

Ìfáárà

Ọkọ̀ BRT tí ó bá gbéra ní Mile 12, tí ó gba Kétu, Ọjọ́ta àti Maryland, tí ó sì forí lé CMS, kò ní ṣàì kọjá lẹ́bàá pápá ìṣeré ńlá méjì ní Sùúrùlérè. Ọ̀kan ni Pápá Ìṣeré Àpapọ̀ tí ìjọba kọ́ sílẹ̀ de Ìdíje Eré Ìdárayá Gbogbo Ilẹ̀ Áfíríkà tí ó wáyé ní Èkó ní 1973. Èkejì ni Pápá Ìṣeré Teslim Balogun tí a ṣí ní 2007. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí ń gbé ní agbègbè Ìjọba Ìbílẹ̀ Kòsọ́fẹ́ ti ka orúkọ yìí láìmọye ìgbà bí wọ́n ti ń lọ tí wọ́n ń bọ̀. Bí a bá wá bi wọ́n léèrè ẹni tí ó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni ó sábà máa ń kọ́kọ́ jáde lẹ́nu ẹni tí ó bá mọ nǹkan kan nípa rẹ̀: “Thunder”.

Teslim Balogun wà lára ikọ̀ agbábọ́ọ̀lù Nàìjíríà àkọ́kọ́ tí ó lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1949. Ní 1956, ó wọ ẹgbẹ́ Queens Park Rangers ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù. Ó kú ní 1972. Ọ̀rọ̀ pé ẹsẹ̀ lásán ni àwọn ọmọ Nàìjíríà fi ń gbá bọ́ọ̀lù ni ó gba ẹnu àwọn oníròyìn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì jù lọ nígbà ìrìn-àjò 1949 náà. Ṣùgbọ́n nílé níbí, ìró bọ́ọ̀lù tí ó bá ti ẹsẹ̀ Balogun jáde ni wọ́n rántí, wọ́n sì fi í wé àrá. Ó lé ní 50 ọdún tí ó ti kú, àrá náà ni ó ṣẹ́ kù.

Ìbéèrè tí iṣẹ́ yìí fẹ́ wò kò ju èyí lọ: kí ni àwọn oníròyìn ń ṣe sí orúkọ ọ̀dọ́ tí ó jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ tí ó sì tún jẹ́ agbábọ́ọ̀lù, tí a fi ń rántí àwọn kan tí a sì ń gbàgbé àwọn mìíràn tí wọ́n jọ wà ní pápá? Èrò wa ni pé, ní ilẹ̀ yìí, ìnagijẹ tí rédíò bá fún agbábọ́ọ̀lù ni ó ń gbé orúkọ rẹ̀ ró ju iye góòlù tí ó gbá sáwọ̀n lọ. Ìnagijẹ bẹ́ẹ̀ ń ṣe iṣẹ́ oríkì. Ó ń gba ènìyàn lọ́wọ́ ìgbàgbé, ó sì tún ń bo púpọ̀ mọ́lẹ̀ nínú ohun tí ẹni náà jẹ́.

Ó yẹ kí a ṣàlàyé ọ̀rọ̀ kan kí a tó tẹ̀ síwájú. Ní Amẹ́ríkà, bọ́ọ̀lù kọ́lẹ́ẹ̀jì túmọ̀ sí bọ́ọ̀lù yunifásítì, èyí tí wọ́n ń fi ọwọ́ gbé sáré, òwò ńlá sì ni. Pápá ìṣeré Yunifásítì Michigan nìkan ń gba èrò tí ó lé ní 100,000. Ní Èkó, ilé-ẹ̀kọ́ girama ni a ń pè ní kọ́lẹ́ẹ̀jì, ìdíje tí gbogbo ayé mọ̀ sí Principals' Cup sì ni ibi tí akẹ́kọ̀ọ́ ti ń kọ́kọ́ di gbajúmọ̀. Àwọn tí a ó máa mẹ́nu bà nínú iṣẹ́ yìí jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ girama, akẹ́kọ̀ọ́ ilé-ẹ̀kọ́ gbogbonìṣe, àti akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì.

Oríkì àti Ìnagijẹ

Karin Barber, nínú iṣẹ́ ìwádìí rẹ̀ lórí oríkì ní Òkukù tí ó jáde ní 1991, fi hàn pé oríkì kì í to ìṣẹ̀lẹ̀ tẹ̀lé ara wọn bí ìwé ìtàn ti ń ṣe. Ṣíṣà ni oríkì ń ṣà. Bí ọdẹ kan bá pa erin kan ṣoṣo láyé rẹ̀, erin náà ni yóò wà nínú oríkì rẹ̀. Òkété àti ehoro tí ó fi bọ́ ọmọ fún ọgbọ̀n ọdún kò ní sí níbẹ̀. Ẹni tí ń ki ènìyàn kò purọ́, ṣùgbọ́n kò sọ gbogbo rẹ̀ tán. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ìnagijẹ orí rédíò rí.

Agbára tí oníròyìn ní lórí ìrántí kì í ṣe ohun àjèjì láàrin Yorùbá. Nínú ìwé ìròyìn Akéde Èkó ni I. B. Thomas ti tẹ àwọn lẹ́tà Sẹ̀gilọlá jáde láàrin 1929 sí 1930. Obìnrin náà kò fi ìgbà kan wà láyé, ṣùgbọ́n àwọn òǹkàwé gbà pé ẹni gidi ni. Títí di òní, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa mọ ìtàn ìgbésí ayé Sẹ̀gilọlá ju ti ọ̀pọ̀ ènìyàn gidi tí ó gbé Èkó ní àkókò náà lọ. Ìwé ìròyìn tí ó lè mú ẹni tí kò sí rárá wà nínú ìrántí fún ohun tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ọgọ́rùn-ún ọdún, kí ni kò lè ṣe fún ọmọ tí ó gbá bọ́ọ̀lù lójú gbogbo ènìyàn, tàbí sí i?

Àlùfáà Tí Ó Jẹ́ Oníròyìn

Ẹni tí ó bá kúrò ní Kétu, tí ó gba Gbàgádà àti Bàrígà, yóò dé Akọka láìpẹ́. Níbẹ̀ ni St. Finbarr's College wà. Denis Slattery, àlùfáà ìjọ Kátólíìkì tí ó jẹ́ ọmọ ilẹ̀ Ireland, ni ó dá ilé-ẹ̀kọ́ náà sílẹ̀ ní 1956. Nínú ìwé púpọ̀, a ń pè é ní olùdásílẹ̀ ilé-ẹ̀kọ́, a sì ń dúró níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ọkùnrin yìí ti jẹ́ olóòtú ìwé ìròyìn Catholic Herald ní Èkó kí ó tó dá ilé-ẹ̀kọ́ sílẹ̀, ó sì tún jẹ́ rẹfirí bọ́ọ̀lù. Ó mọ bí a ṣe ń kọ ìròyìn, ó mọ bí a ṣe ń fun fèrè lórí pápá, ó sì mọ bí a ṣe ń kọ́ ọmọ. Àwọn iṣẹ́ mẹ́ta wọ̀nyí kì í sábà pàdé lára ẹnì kan. Lójú tiwa, ìpàdé wọn yìí wà lára ìdí tí ilé-ẹ̀kọ́ kan ní Akọka fi ní òkìkí bọ́ọ̀lù tí ó kọjá ìlú Èkó. Slattery kú ní 2003.

Stephen Keshi àti Henry Nwosu gba ilé-ẹ̀kọ́ yìí kọjá. Nwosu kò tíì pé ọmọ ogún ọdún nígbà tí ó wà nínú ikọ̀ Green Eagles tí ó gba Ife-Ẹ̀yẹ Ilẹ̀ Áfíríkà ní 1980. Keshi ni balógun ikọ̀ tí ó gba ife kan náà ní 1994, òun náà sì ni akọ́nimọ̀ọ́gbá tí ó tún gbà á ní 2013. Àwọn oníròyìn sọ ọ́ ní “Big Boss”, orúkọ náà sì lẹ̀ mọ́ ọn títí tí ó fi kú ní 2016. Ẹ kíyè sí ohun tí orúkọ yìí ṣe. Ọ̀gá àgbà ni ó fi hàn wá, ẹni tí ń pàṣẹ, tí ẹnikẹ́ni kò lè yí lérò padà. Ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ Akọka tí ó ń fi ṣòkòtò péńpé sáré lórí iyanrìn kò sí nínú rẹ̀ mọ́. Nwosu kú ní 2025, èyí tí ọ̀pọ̀ ìròyìn sì tẹnu mọ́ nípa rẹ̀ ni pé òun ni ó kéré jù lọ nínú ikọ̀ 1980. Lẹ́yìn ọdún 45, ọmọdé ni ó ṣì jẹ́ nínú ìròyìn.

Haruna Ilerika tún fi ọ̀nà mìíràn hàn wá. Ilé-ẹ̀kọ́ girama Zumratul Islamiyyah ni ó ti jáde wá, ó gbá bọ́ọ̀lù fún Stationery Stores, ó sì wà nínú ikọ̀ tí ó gba wúrà ní ìdíje 1973 tí a mẹ́nu bà lókè. “Master dribbler” ni wọ́n ń pè é, nítorí pé bí ó ti ń fi bọ́ọ̀lù tan alátakò jẹ kò ní ẹgbẹ́. Àwòrán tí ń rìn tí ó lè fi eré rẹ̀ hàn ọmọ òde òní kò wọ́pọ̀. Ọmọ tí ó bá fẹ́ mọ ohun tí Ilerika lè ṣe, lẹ́nu bàbá tàbí bàbá àgbà rẹ̀ ni yóò ti gbọ́ ọ. Ilerika kú ní 2008. Ìtàn rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di àlọ́ báyìí, àlọ́ náà sì dùn, ṣùgbọ́n àwọn tí ó lè pa á ń dín kù.

Ohùn Ernest Okonkwo

A kò lè sọ̀rọ̀ nípa ìnagijẹ nínú bọ́ọ̀lù Nàìjíríà kí a fo Ernest Okonkwo dá. Òun ni aṣàlàyé eré lórí Radio Nigeria ní àwọn ọdún 1970 àti 1980, ó sì kú ní 1990. Láti ẹnu rẹ̀ ni “Mathematical” Segun Odegbami ti jáde, àti “Chairman” Christian Chukwu, àti “Blockbuster” Aloysius Atuegbu, àti “Chief Justice” Adokiye Amiesimaka. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni ó ń sọ. Síbẹ̀, ìyá tí kò mọ̀ ju “gúdù mọ́nìn” lọ nínú èdè náà mọ ìgbà tí Odegbami gba bọ́ọ̀lù, nítorí pé ohùn Okonkwo yí padà bí ohùn onílù ti ń yí padà bí ọba bá jáde.

Kì í ṣe ọ̀ṣọ́ lásán ni ó ń fi àwọn orúkọ wọ̀nyí ṣe. Ẹ jẹ́ kí a rò ó wò. Ọkùnrin 22 ni ó wà lórí pápá, bọ́ọ̀lù ń sáré, ẹni tí ń gbọ́ kò rí nǹkan kan. Aṣàlàyé eré ni ojú rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ orúkọ baba nìkan ni ó ń pè, gbogbo wọn yóò dàrú mọ́ra lọ́kàn olùgbọ́ kí ìṣẹ́jú mẹ́wàá tó pé. Ìnagijẹ fún ẹnì kọ̀ọ̀kan ní ìwà àti ìrísí: ọ̀kan ń ṣírò, ọ̀kan ń ṣe alága, ọ̀kan ń fi agbára wó ògiri. Olùgbọ́ ń rí wọn láìsí àwòrán. Ìnagijẹ tún ń fún aṣàlàyé ní àyè láti mí, kí ojú rẹ̀ fi bá bọ́ọ̀lù dé ibi tí ó ń lọ. Gbogbo ẹni tí ó ti gbọ́ ẹlẹ́ṣà tàbí onírárà lẹ́nu iṣẹ́ mọ irú àwọn gbólóhùn bẹ́ẹ̀, tí ó wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀ tí ẹnu kàn ń gbé.

Ohun kan wà nínú àwọn orúkọ Okonkwo tí ó kan àwa olùkọ́ gan-an. Méjì nínú mẹ́rin tí a dárúkọ lókè ti inú ẹ̀kọ́ jáde. Odegbami jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ilé-ẹ̀kọ́ gbogbonìṣe ti Ìbàdàn nígbà tí ó ń gbá bọ́ọ̀lù fún Shooting Stars, ẹgbẹ́ tí ó jẹ́ àkọ́kọ́ láti Nàìjíríà tí ó gba ife-ẹ̀yẹ ilẹ̀ Áfíríkà, ní 1976. Amiesimaka ń kọ́ ìmọ̀ òfin ní Yunifásítì Èkó nígbà tí ó ń gbá bọ́ọ̀lù fún orílẹ̀-èdè rẹ̀. Ní àkókò tí ọ̀pọ̀ òbí ń na ọmọ nítorí bọ́ọ̀lù, tí wọ́n gbà pé ọmọ tí kò fẹ́ kàwé ni ó ń gbá a, rédíò ń fi aṣọ ọ̀mọ̀wé wọ agbábọ́ọ̀lù. Ọmọ tí ó bá fẹ́ gbèjà ara rẹ̀ níwájú baba rẹ̀ lè tọ́ka sí “Mathematical”. A kò rò pé Okonkwo jókòó ṣètò èyí. Ṣùgbọ́n ipa tí ó ní pọ̀ ju ti ọ̀pọ̀ ìkìlọ̀ tí ìjọba ṣe lórí ẹ̀kọ́ àti eré ìdárayá lọ.

Ohun Tí Orúkọ Bò Mọ́lẹ̀

Ní ọjọ́ 22, oṣù kẹta, 1980, ní Sùúrùlérè, Nàìjíríà na Algeria ní 3-0, a sì gba Ife-Ẹ̀yẹ Ilẹ̀ Áfíríkà fún ìgbà àkọ́kọ́. Odegbami gbá méjì sáwọ̀n. Mudashiru Lawal ni ó gbá ẹ̀kẹta. Àwọn méjèèjì ni ọmọ Abẹ́òkúta, àwọn méjèèjì ni ó ń gbá bọ́ọ̀lù fún ẹgbẹ́ kan náà ní Ìbàdàn. Iṣẹ́ mẹkáníìkì ni Lawal ń ṣe kí bọ́ọ̀lù tó gbé e dé ibi gíga; kì í ṣe akẹ́kọ̀ọ́ ilé-ẹ̀kọ́ gíga. Ó kópa nínú ìdíje Ife-Ẹ̀yẹ Ilẹ̀ Áfíríkà márùn-ún tẹ̀léra, láti 1976 sí 1984, ohun tí agbábọ́ọ̀lù tí ó ṣe é kò pọ̀. Ó kú ní 1991, kò sì tíì pé ogójì ọdún.

Bí a bá fi ìrántí àwọn méjèèjì wé ara wọn, a ó rí i pé ìyàtọ̀ tí ó wà níbẹ̀ kì í ṣe ti orí pápá. Odegbami ní ẹ̀kọ́, ó sì ní ẹ̀mí gígùn. Ó di ẹni tí ń kọ àpilẹ̀kọ sínú ìwé ìròyìn lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, ó dá ilé-ẹ̀kọ́ eré ìdárayá sílẹ̀ ní Wasimi ní Ìpínlẹ̀ Ògùn, nígbà tí ó sì yá, ó dá ilé-iṣẹ́ rédíò eré ìdárayá sílẹ̀ ní Abẹ́òkúta. Ẹni tí rédíò sọ lórúkọ ti di ẹni tí ó ni rédíò. Òun fúnra rẹ̀ ni ó ń sọ ìtàn ara rẹ̀, tí ó sì ń tún un ṣe níbi tí ó bá wọ́. Lawal ní pápá ìṣeré tí a fi sọrí rẹ̀ ní Asẹ́rò ní Abẹ́òkúta, ṣùgbọ́n ẹnu ẹlòmíràn ni a ti ń gbọ́ tirẹ̀. Púpọ̀ nínú ohun tí a ń gbọ́ sì ni pé mẹkáníìkì ni tẹ́lẹ̀. Ìròyìn fẹ́ràn irú ìtàn bẹ́ẹ̀. Ọgbọ́n orí pápá tí ó jẹ́ kí àwọn akọ́nimọ̀ọ́gbá tí ó yàtọ̀ síra máa yan ẹnì kan náà fún ọdún mẹ́jọ kò rí àyè nínú rẹ̀.

Ìnagijẹ ń ṣìnà nígbà mìíràn pẹ̀lú. Ẹni tí kò bá mọ ìtàn yóò rò pé ìmọ̀ ìṣirò ni Odegbami kọ́. Ìmọ̀ ẹ̀rọ ni ó kọ́. Amiesimaka kò di adájọ́ àgbà rí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ó di amòfin, ó di agbẹjọ́rò àgbà fún Ìpínlẹ̀ Rivers, tí a sì fi pápá ìṣeré ní Port Harcourt sọ orí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ní ti Amiesimaka, ohun kan tí ó ṣe lẹ́yìn tí ó ti fi bọ́ọ̀lù sílẹ̀ ni a rí gẹ́gẹ́ bí èyí tí ó ṣe pàtàkì jù fún ọ̀rọ̀ wa. Ní 2009, nígbà tí Nàìjíríà gbàlejò Ife-Ẹ̀yẹ Àgbáyé fún àwọn tí kò ju ọmọ ọdún 17 lọ, ó kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn pé ọ̀kan nínú àwọn agbábọ́ọ̀lù wa ti dàgbà jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí pé òun ti mọ̀ ọ́n rí ní ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù kan ní ọdún púpọ̀ sẹ́yìn. Awuyewuye sì bẹ́ sílẹ̀. A kò fẹ́ dá ẹjọ́ náà. Ohun tí a rí kọ́ níbẹ̀ ni pé ìrántí ẹnì kan ṣoṣo ni gbogbo ẹ̀rí tí ó kọ́kọ́ wà nílẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pé a ní àkọsílẹ̀ ilé-ẹ̀kọ́ tí ọmọ kọ̀ọ̀kan ti jáde, ọdún tí ó gbá bọ́ọ̀lù fún un, àti ìròyìn kékeré kan nípa ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ rẹ̀, kò ní sí ohun tí a ó máa jà lé lórí. Ìròyìn nípa akẹ́kọ̀ọ́ agbábọ́ọ̀lù kì í ṣe ọ̀rọ̀ òkìkí nìkan. Ìwé ẹ̀rí ni.

Ọjọ́ 12, Oṣù Kẹjọ, 1989

Samuel Okwaraji ni àpẹẹrẹ ẹni tí ikú rẹ̀ fi ṣe ìnagijẹ. Ó kọ́ ìmọ̀ òfin ní Róòmù, ó sì ń gbá bọ́ọ̀lù ní Yúróòpù ní àsìkò kan náà. Ní ọjọ́ tí a kọ sókè yìí, nígbà tí Nàìjíríà ń bá Angola fẹsẹ̀ wọnsẹ̀ ní Sùúrùlérè láti lè lọ sí Ife-Ẹ̀yẹ Àgbáyé, ó ṣubú lulẹ̀ ní ìṣẹ́jú 77, kò sì dìde mọ́. Ọmọ ọdún 25 ni.

Láti ìgbà náà, kò sí oṣù kẹjọ tí ìwé ìròyìn kan tàbí òmíràn kì í rántí rẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n máa ń tún sọ: amòfin, ọ̀dọ́, ẹni tí ó fi ẹ̀mí rẹ̀ lélẹ̀ fún orílẹ̀-èdè rẹ̀. Ìrántí yìí dára, ó sì tọ́ sí i. Ṣùgbọ́n bí ènìyàn bá ka irú àwọn ìròyìn bẹ́ẹ̀ fún ọdún mẹ́wàá, kò ní mọ ipò tí Okwaraji ń gbá lórí pápá, bẹ́ẹ̀ ni kò ní mọ bí ó ti ń fi bọ́ọ̀lù ránṣẹ́ sí ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Èrò pọ̀ jù ní pápá lọ́jọ́ náà, àwọn òǹwòran kan sì kú pẹ̀lú. Àwọn yẹn kò ní ọjọ́ ìrántí. Èyí tí ó tún burú ni pé ìròyìn ìdárò gba àyè lọ́wọ́ ìbéèrè tí ó yẹ kí a máa béèrè lọ́dọọdún: ta ni ó ń yẹ ọkàn àwọn ọmọ wa wò kí wọ́n tó wọ pápá? Ní ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́, kò sí ẹnì kankan.

Bí Ó Ti Rí Níbòmíràn

Ní Amẹ́ríkà, àwọn oníròyìn kò dúró lórí fífúnni ní orúkọ. Àwọn gan-an ni ó ń dìbò. Láti 1935 ni wọ́n ti ń fi ẹ̀bùn Heisman fún akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá tayọ jù nínú bọ́ọ̀lù yunifásítì wọn, akọ̀ròyìn sì ni ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwọn tí ń yàn án. Reggie Bush gbà á ní 2005. Ní 2010, lẹ́yìn tí wọ́n fi ẹ̀sùn kàn án pé òun àti ẹbí rẹ̀ gba owó àti ẹ̀bùn tí òfin kò fi àyè gbà fún akẹ́kọ̀ọ́, ó dá ẹ̀bùn náà padà. Ní 2024, nígbà tí òfin ti yí padà tí akẹ́kọ̀ọ́ ti lè gba owó lórí orúkọ ara rẹ̀, wọ́n dá a padà fún un. Ẹsẹ̀ tí ó fi sáré ní 2005 kò yí padà nínú ọdún 19 náà. Ojú tí a fi wò ó ni ó yí padà.

Ọmọ Nàìjíríà kan, Christian Okoye, lọ kàwé ní Azusa Pacific ní Kalifọ́níà, níbi tí ó ti ń ju àwo. Ibẹ̀ ni ó ti kọ́ bọ́ọ̀lù wọn, tí ó sì di pé ní 1989 kò sí ẹni tí ó gbé bọ́ọ̀lù sáré jìnnà tó o nínú líìgì ńlá wọn. “Nigerian Nightmare” ni àwọn ará ibẹ̀ sọ ọ́: àlá burúkú tí ó ti Nàìjíríà wá. Ìnagijẹ yìí gbé orúkọ ilẹ̀ wa dé ilé tí kò mọ̀ ọ́n rí, ó sì gbé e dé ibẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ohun ẹ̀rù. Ṣé ìyìn ni tàbí èébú? Àwa rò pé méjèèjì ni, oríkì Yorùbá pàápàá sì máa ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Kòsọ́fẹ́ Lónìí

Ní Kétu àti Mile 12, iwájú ilé ìwòran bọ́ọ̀lù kì í ṣàìní pátákó dúdú tí a fi ṣọ́ọ̀kì kọ ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ ọ̀sẹ̀ náà sí. Ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ó máa ń wà lókè, ti Spéènì tẹ̀lé e. Lórí rédíò tí ń sọ Yorùbá, àwọn sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ wa mọ ẹni tí orúnkún ń dùn ní Arsenal. Ní ọjọ́ kan náà, ilé-ẹ̀kọ́ girama méjì lè fẹsẹ̀ wọnsẹ̀ ní Ìkòsì, kí ọmọ kan gbá góòlù mẹ́ta sáwọ̀n, kí òkùnkùn ṣú, kí ó sì parí síbẹ̀. Ìdíje Principals' Cup kò kú. Ilé-ìfowópamọ́ GTBank gbé e ró fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ṣùgbọ́n ìròyìn ẹni tí ó gba ife ni a ń rí kà, kì í ṣe ti ọmọ tí ó ta yọ nínú ilé-ẹ̀kọ́ tí ó jábọ́ ní ìpele àkọ́kọ́.

Ohun tí ó ká wa lára jù nínú ọ̀rọ̀ yìí ni ti orúkọ. Ọmọ tí ó bá mọ bọ́ọ̀lù gbá ládùúgbò wa báyìí, Messi ni àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń pè é, tàbí Ronaldo. Okonkwo wo ọmọ òfin, ó sì fún un ní orúkọ tí kò sí lára ẹlòmíràn. Orúkọ àyálò ni a ń fún àwọn ọmọ wa. Lẹ́yìn ogún ọdún, bí ẹnì kan bá bẹ̀rẹ̀ sí í wá “Messi” tí ó gbá bọ́ọ̀lù ní Kétu, mélòó ni yóò rí?

Ìyàtọ̀ kan wà tí ó fún wa ní ìrètí díẹ̀. Ẹni tí ó bá la Mile 12 kọjá lọ sí apá ìlà-oòrùn yóò dé Ìkòròdú, níbi tí wọ́n bí Asisat Oshoala sí ní 1994. Ẹ̀ẹ̀mẹfà ni wọ́n ti yàn án gẹ́gẹ́ bí obìnrin tí ó mọ bọ́ọ̀lù gbá jù ní Áfíríkà. Ní àkókò Okonkwo, ọmọbìnrin kò sí nínú ohun tí rédíò ń wò rárá. “Àgbà Baller” ni orúkọ tí wọ́n mọ Oshoala mọ́, orí fóònù àwọn ọ̀dọ́ ni orúkọ náà sì ti gbilẹ̀. Ẹ wo bí ó ti jẹ́ Yorùbá tó, pẹ̀lú àmúlùmálà tí ó wà nínú rẹ̀: ọ̀rọ̀ tí a ń lò fún ọ̀gbẹ́ni tí ó ti hewú ni wọ́n fi pe ọmọbìnrin tí kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún nígbà náà. Àwọn ọ̀dọ́ ṣì mọ bí a ṣe ń sọ ènìyàn lórúkọ. Ohun tí kò sí ni ẹni tí yóò kọ ọ́ sílẹ̀ fún àwọn tí kò dé ibi tí Oshoala dé.

Iṣẹ́ yìí kò nílò owó ńlá. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ń kọ́ èdè Yorùbá ní kọ́lẹ́ẹ̀jì olùkọ́ni máa ń lọ kọ́ṣẹ́ ìkọ́ni ní àwọn ilé-ẹ̀kọ́ Kòsọ́fẹ́ lọ́dọọdún. A ti máa ń rán wọn lọ gba oríkì orílẹ̀ àti ẹkún ìyàwó sílẹ̀. A lè fi kún un pé kí ẹnì kọ̀ọ̀kan mú ìwé kan dání lọ sí pápá ilé-ẹ̀kọ́ tí a bá rán an lọ, kí ó kọ orúkọ tí baba sọ ọmọ, orúkọ tí ẹgbẹ́ sọ ọ́, ilé-ẹ̀kọ́ tí wọ́n bá fẹsẹ̀ wọnsẹ̀, ọjọ́ àti ọdún rẹ̀, àti ohun tí ọmọ náà ṣe gan-an, ní èdè Yorùbá tí ẹni tí kò sí níbẹ̀ yóò fi rí i. Kí wọ́n sì gba ohùn àwọn àgbà sílẹ̀ pẹ̀lú, kí wọ́n tó lọ. Ọmọ ọdún 15 tí ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá ní 1973 láti wo Haruna Ilerika ti kọjá ẹni ọdún 65 báyìí.